Owó Ẹyọ, Tánganran àti Mẹ́dà Alámọ̀

Ẹni tó bá wọ yàrá àwọn ìyá àgbà ní Olódò, ní agbègbè Ìbàdàn, tàbí ní àwọn abúlé tó yí i ká títí dé Ẹgbẹ́dá àti Lálúpọn, ohun kan wà tí ojú rẹ̀ kò ní fò. Kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ni. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kì í kúrò ní etí ìró ìyá. Inú rẹ̀ ni abọ́ tánganran tò sí, àwọn ńlá nísàlẹ̀, àwọn kékeré lórí: èyí tó ní òdòdó pupa, èyí tí wọ́n ya ẹja sí nínú, èyí tí wọ́n fi omi wúrà fa ìlà yí ẹnu rẹ̀ ká. Kò sẹ́ni tó ń fi wọ́n jẹun. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá kọjá lójú títì, gbogbo wọn a dún ṣinrinṣinrin, ìyá a sì gbójú sókè bí ẹni pé ọmọ ló ké.

Kíkó ohun tí a kì í lò pa mọ́ kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Ní ilẹ̀ Jámánì, àwọn kan wà tí kọ́bọ́ọ̀dù tiwọn náà ní kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n abọ́ kọ́ ló wà níbẹ̀. Mẹ́dà eré ìdárayá ni. Róbótó ni wọ́n, pẹlẹbẹ, púpọ̀ nínú wọn kò fẹ̀ tó ìdérí agolo mílíìkì. Òmíràn funfun bí ẹfun, òmíràn pọ́n bí ilẹ̀ Ìbàdàn lẹ́yìn òjò. Wọn kì í ṣe wúrà, wọn kì í ṣe fàdákà, wọn kì í tilẹ̀ ṣe idẹ. Amọ̀ ni, amọ̀ tí iná sun di tánganran. Láàárín Ogun Àgbáyé Kìíní àti Èkejì, irú mẹ́dà yìí wà lára ohun tí àwọn ẹgbẹ́ eléré ìdárayá níbẹ̀ ń fi dá ẹni tó borí lọ́lá.

Ọ̀nà tó ti Olódò lọ síbẹ̀ kò jìn tó bí a ṣe rò. Owó ẹyọ ló wà láàárín.

Ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Tangaran ni àwọn Hausa ń pe abọ́ dídán yìí, tánganran ni tiwa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣí Bíbélì Yorùbá sí ìwé Númérì, orí 31, ẹsẹ 22, yóò bá tánganran láàárín irin àti òjé. Níbẹ̀, kì í ṣe abọ́ rárá, irin funfun tí wọ́n ń fi bo ara agolo ni. Àwọn ìyá wa kò fi èyí ṣe wàhálà. Ohun tó bá ti ń dán, tó mọ́, tí ọkọ̀ òkun gbé dé, tánganran ni wọ́n ń pè é, ì báà jẹ́ amọ̀ tó lè fọ́ tàbí irin tí wọ́n fi awọ dídán bò tó jẹ́ pé híhó nìkan ló lè hó. Àwọn onímọ̀ èdè lè bá wọn jà; ọjà kò bá wọn jà.

Àwọn òyìnbó ń pe tiwọn ní porcelain. Ibi tí orúkọ náà ti wá ni ó yẹ kó pa Yorùbá lẹ́rìn-ín. Àwọn ará Ítálì ló ń pe owó ẹyọ ní porcellana, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó yọ gọngọ mú wọn rántí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀. Nígbà tí Marco Polo, ará Venice, padà dé láti ilẹ̀ Ṣáínà ní ìparí ọ̀rúndún kẹtàlá, orúkọ kan náà ló fi pe owó ẹyọ tí wọ́n ń ná lọ́hùn-ún àti abọ́ funfun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, torí dídán méjèèjì jọra. Bí abọ́ ṣe jogún orúkọ nìyẹn. Owó tí àwọn baba ńlá wa fi ra iṣu àti ẹṣin ló sọ tánganran òyìnbó lórúkọ.

Àwọn ará Jámánì pẹ̀lú mọ owó ẹyọ wa dáadáa. Láti àwọn ọdún 1840 síwájú, àwọn oníṣòwò Hamburg bíi Hertz àti O'Swald ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹyọ láti etíkun Zanzibar lọ sí Ọ̀yìdà àti Èkó, wọ́n sì ń fi í ra epo pupa. Ẹyọ Zanzibar tóbi ju ti Maldives tí àwọn èèyàn mọ̀ tẹ́lẹ̀ lọ, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n sì ń rà á lọ́hùn-ún, nítorí náà wọ́n kó o dé rẹpẹtẹ. Ogójì ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá kan, ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Ọ̀kẹ́ kan ń bọ́rùn alágbàárù. Bí àpò ẹyọ ṣe ń pọ̀ sí i lọ́jà ni agbára rẹ̀ ń dín kù, tó fi di pé ohun tí èèyàn fi okùn mélòó kan rà láàárọ̀ ayé rẹ̀, ẹgbàá ló ń bá a nígbà ogbó.

Iṣẹ́ àwọn Hamburg kò dúró lórí ẹyọ. Títí di 1914, èyí tó pọ̀ jù nínú èkùrọ́ tí Nàìjíríà ń tà, Jámánì ló ń lọ. Iléeṣẹ́ G. L. Gaiser àti Witt & Busch ní ilé ìṣòwò gidi ní Èkó. Èkùrọ́ tí àwọn obìnrin abúlé Ìbàdàn ń fi òkúta pa lábẹ́ igi, ọkọ̀ ojú irin tó dé Ìbàdàn ní 1901 tó sì gba Lálúpọn kọjá dé Òṣogbo ní 1907 ń gbé e lọ sí èbúté. Ọkọ̀ yẹn kan náà ló ń kó abọ́ bọ̀.

Ká padà sórí mẹ́dà alámọ̀: ibi tí wọ́n ti ń mọ wọ́n ni Meissen, ìlú kékeré kan létí odò Elbe ní ìpínlẹ̀ Saxony. Ìtàn bí iṣẹ́ tánganran ṣe débẹ̀ dùn ju àlọ́ lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn ilẹ̀ Ìlà Oòrùn Éṣíà bíi Ṣáínà àti Japan nìkan ni wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe tánganran gidi. Augustus, ẹni tó ń jọba lórí Saxony àti Poland, kò sì lè rí i kó má fẹ́ ẹ. Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé àìsàn tánganran ló ń ṣe òun. Ní 1717 ó kó 600 ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin fún ọba Prussia, ó sì gba 151 ìkòkò àti abọ́ Ṣáínà ní pàṣípààrọ̀. Àwọn ìkòkò ńlá inú rẹ̀ ṣì wà ní Dresden dòní, wọ́n sì ń fi orúkọ àwọn ọmọ ogun yẹn pè wọ́n. Ká sọ pé Baṣọ̀run Ìbàdàn kan ló fi 600 jagunjagun pààrọ̀ abọ́ ni, àwọn ìyàwó ilé rẹ̀ nìkan ni ì bá yìn ín.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nígbà náà, Johann Friedrich Böttger, tó fọ́nnu pé òun lè sọ irin lásán di wúrà. Ọba Prussia fẹ́ mú un, ó sá wọ Saxony ní 1701, Augustus sì tì í mọ́lé pé kó máa ṣe wúrà ọ̀hún bọ̀. Wúrà kò jáde. Wọ́n wá fi í sábẹ́ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, von Tschirnhaus, tí òun ń wá àṣírí tánganran. Ohun tó kọ́kọ́ bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ni abọ́ pupa líle kan tó dà bí òkúta. Tschirnhaus kú ní 1708, nígbà tí tánganran funfun ń bọ̀ lójú ọ̀nà. Ní 1710 Augustus dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ nínú ààfin orí òkè Meissen, kí àṣírí má bàa jò. Böttger kò gbádùn rẹ̀ pẹ́: ọmọ ọdún 37 ni nígbà tó kú ní 1719. Idà méjì tó dábùú ara wọn, tí iléeṣẹ́ náà ń fi àwọ̀ aró sàmì sí ìdí abọ́, ṣì wà níbẹ̀ dòní. Amọ̀ pupa tí Böttger kọ́kọ́ rí náà kò sọ nù. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é, òun sì ni wọ́n fi ṣe mẹ́dà aláwọ̀ ilẹ̀ tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù àwọn olùkójọ.

Ohun tó ya tánganran sọ́tọ̀ kúrò lára ìkòkò wa kò ju amọ̀ àti iná lọ. Amọ̀ funfun ni wọ́n ń lò, ìbátan ẹfun tí àwọn ọlọ́bàtálá fi ń kun ara, wọ́n á sì fi òkúta lílọ̀ sí i. Ní Ẹbu Dàda ní Ìlọrin, níbi tí àwọn obìnrin ti ń mọ ìkòkò láti ìrandíran, orí ilẹ̀ gbalasa ni wọ́n ń to ìkòkò sí tí wọ́n á fi igi àti koríko bò ó, tí wọ́n á sì ṣáná sí i. Ooru rẹ̀ kì í dé 1,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ti Meissen ń lọ sókè 1,400 nínú ààrò tí wọ́n dí pa. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á gbóná. Èyí tí yóò di tánganran, àtìdí àtorí ni. Nínú iná yẹn amọ̀ a máa sún kì, tó fi jẹ́ pé ohun tó bá jáde a fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà kéré sí èyí tó wọlé. Kí òǹkàwé fi ọ̀rọ̀ sísún kì yìí pa mọ́, yóò wúlò níwájú.

Ogun dé ní 1914. Ní Èkó, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbẹ́sẹ̀ lé ilé ìṣòwò àwọn ará Jámánì, wọ́n sì tà wọ́n. Ohun tó kan ará oko jù ni owó. Fàdákà wọ́n, ó sì gbówó lórí. Àjọ tó ń ṣe owó fún àwọn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kó owó bébà jáde ní 1916, wọ́n tún fi bébà oníṣílè kan kún un ní 1918. Kò wọ àwọn àgbẹ̀ lójú. Ẹni tó ń ri owó mọ́lẹ̀ sínú ìkòkò mọ ohun tí ikán lè fi bébà ṣe, ẹni tó ń gbé ilé koríko sì mọ ohun tí iná lè fi í ṣe. Ní 1920 wọ́n wá gbé ṣílè onídẹ jáde dípò ti fàdákà. Ó pupa, ó dán, kò sì níye lórí bí èèyàn bá yọ́ ọ. Tọ́rọ́ àti sísì náà di idẹ.

Jámánì tó wà lódì kejì ogun rí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbà àti nickel tó wà lára owó wọn, ọta ìbọn ni wọ́n fi ṣe. Wọ́n tú agogo kúrò lórí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n yọ́ ọ. Wọ́n rọ àwọn obìnrin pé kí wọ́n kó ẹ̀gbà wúrà wọn wá, kí wọ́n gba ti irin dípò. Nígbà tí ogun parí ní 1918, ṣéńjì kò sí lọ́jà. Ìlú kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ owó bébà tirẹ̀, àwọn kan tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ àti awọ. Saxony wo ọwọ́ rẹ̀, amọ̀ ló bá níbẹ̀. Ní 1921 ìjọba ibẹ̀ ní kí Meissen mọ owó: láti 20 pfennig títí dé 20 mark, pupa amọ̀ Böttger tàbí funfun. Àwọn ìlú bíi Guben àti Quedlinburg náà gbé iṣẹ́ owó tiwọn wá.

Bí porcelain ṣe yípo nìyẹn. Abọ́ gba orúkọ lọ́dọ̀ owó. Ní 1921, abọ́ di owó.

Kò pẹ́ lọ́jà ṣá. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá gbà á kò ná an, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ ni torí ẹwà rẹ̀. Èyí tó kù, ọ̀wọ́n gógó gbé e mì. Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá 1923, dọ́là Amẹ́ríkà kan ti di 4,200,000,000,000 mark. Èèyàn ń fi kẹ̀kẹ́ ti owó lọ ra búrẹ́dì. Kí ni 20 mark alámọ̀ fẹ́ rà nínú irú ayé bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn amọ̀kòkò Meissen ti mọ́ iṣẹ́ náà lára. Wọ́n ti mọ bí a ṣe ń tẹ orí èèyàn, ewé àti lẹ́tà wẹ́wẹ́ sára amọ̀ tí kò nípọn, tí yóò la iná já tí kò ní wọ́. Ẹni tó ṣe èyí tó pọ̀ nínú àwòrán wọn ni Paul Börner, ọmọ bíbí Meissen, tí wọ́n bí ní 1888. Mẹ́dà ló gbájú mọ́: mẹ́dà ìrántí àwọn tó kú sógun, mẹ́dà ìkówójọ fún àwọn ọmọ tí ebi ń pa, mẹ́dà ayẹyẹ ìlú, àti mẹ́dà eré ìdárayá.

Kí ló fà á tí ti eré ìdárayá fi pọ̀? Àdéhùn Versailles ti 1919 ní kí ọmọ ogun Jámánì má kọjá 100,000, kí wọ́n má sì fi túláàsì mú ọ̀dọ́ wọ iṣẹ́ ogun mọ́. Ọ̀dọ́ tó yẹ kó wà ní bárékè wá pọ̀ nílé, pápá ìṣeré sì ni púpọ̀ nínú wọn gbà lọ. Àwọn orílẹ̀-èdè yòókù náà kò pè wọ́n sí ìdíje Òlíńpíìkì 1920 àti 1924. 1928 ní Amsterdam ni wọ́n tó padà síbẹ̀. Ẹni tí wọn ò pè sóde, ilé ara rẹ̀ ló ń ṣe ọdún sí. Wọ́n ṣe ìdíje gbogboogbò tiwọn ní Berlin ní 1922. Àwọn eléré afarafò kóra jọ ní Munich ní 1923 àti ní Cologne ní 1928. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, tí wọn kì í fẹ́ bá ẹgbẹ́ ọlọ́lá ṣeré, ṣe Òlíńpíìkì tiwọn ní Frankfurt ní 1925. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí, ìdíje kéékèèké ìlú sí ìlú kò lóǹkà: eré sísá, wíwẹ̀, títukọ̀, yìnyín yíyọ̀, títí kan ìdíje àwọn onímọ́tò. Gbogbo rẹ̀ ló ń fẹ́ àmì ẹ̀yẹ, idẹ sì gbówó lórí. Amọ̀ kò wọ́n.

Bí èèyàn bá gbé ọ̀kan lé àtẹ́lẹwọ́, ohun tí yóò kọ́kọ́ yà á lẹ́nu ni pé ó fúyẹ́, ó sì tutù. Ojú rẹ̀ kò dán bí ti abọ́ ìyá àgbà, nítorí wọn kì í sábà fi omi dídán bò ó. Ó rí bí eyín tí a fi orín rin. Asáré kan lè wà níbẹ̀ tó ti na ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, iṣan ẹsẹ̀ náà hàn, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọmọkùnrin náà kò gùn ju àtàǹpàkò lọ. Lára ti àwọn afarafò, lẹ́tà F mẹ́rin ni a ó rí tí wọ́n kọjú síra bí àgbélébùú: ọ̀rọ̀ Jámánì mẹ́rin ni, tó túmọ̀ sí kí ara le, kí èèyàn bẹ̀rù Ọlọ́run, kó tújú ká, kó sì wà lómìnira. Ní ẹ̀yìn, orúkọ ìlú, ọdún, bóyá ewé igi óákù. Òmíràn ní ìlà omi wúrà létí. Idà méjì dábùú ara wọn níbì kan tó kéré débi pé ojú àgbà kò lè rí i láìsí awò.

Kò ní orúkọ ẹni tó gbà á. Ìyẹn máa ń dun àwọn tó ń kó o jọ. Ife-ẹ̀yẹ irin ṣeé fín orúkọ sí lára lẹ́yìn ìdíje. Amọ̀ tó ti jáde nínú iná kò gba irú rẹ̀ mọ́.

Meissen ti ọdún wọnnì kò bẹ̀rù láti fi tánganran ṣe ohun tí ẹnì kan kò ṣe rí. Ní 1929, nígbà tí ìlú náà pé ẹgbẹ̀rún ọdún, Börner parí agogo tánganran 37 fún ṣọ́ọ̀ṣì Frauenkirche, èyí tó ń kọ orin. Ìlú tí ogun ti gba agogo irin lọ́wọ́ wọn wá gbé agogo amọ̀ sókè, ó sì ń dún.

Láti 1933, mẹ́dà yí ohùn padà. Ìjọba Hitler tú ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ká, wọ́n lé àwọn Júù kúrò nínú ẹgbẹ́ yòókù, idì àti àmì ẹgbẹ́ òṣèlú náà sì wọ ojú mẹ́dà. Tánganran kò ní ẹnu tí yóò fi kọ̀. Wọ́n ń fi í ṣe báàjì kéékèèké fún ìkówójọ ìgbà òtútù, tí èèyàn máa ń fi sáyà kí àwọn agbowó má bàa dá a dúró lójú títì. Nígbà Òlíńpíìkì Berlin ní 1936, níbi tí Jesse Owens, ọmọ Amẹ́ríkà adúláwọ̀, ti gba góòlù mẹ́rin lójú Hitler, agogo tánganran funfun kékeré wà lára ohun ìrántí tí àlejò ń rà lọ sílé, àwòrán agogo irin ńlá tó wà ní pápá ìṣeré náà. Lónìí, òfin Jámánì kò fàyè gba kéèyàn máa ṣàfihàn àmì ìjọba yẹn ní gbangba láìjẹ́ fún ẹ̀kọ́ tàbí ìtàn, nítorí náà àwọn tó ń ta irú mẹ́dà bẹ́ẹ̀ a máa fi bébà bo àmì náà nínú àwòrán ọjà wọn. Olùkójọ kan lè sọ pé ti òun kò kọjá 1932. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, àmọ́ ìtàn tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ dúró lágbedeméjì.

Ayédèrú kò ṣaláì wà. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ sísún kì wúlò. Bí oníjìbìtì bá fi mẹ́dà gidi ṣe ìṣáà, tó da amọ̀ sínú rẹ̀, tó sì sun ún, iná yóò sún un kì lẹ́ẹ̀kejì, ohun tó bá jáde yóò kéré sí èyí tó jí wò. Nítorí náà ni àwọn olùkójọ kì í fi rúlà sílẹ̀. Wọ́n á wọn ìbú rẹ̀, wọ́n á fi wé ohun tó wà nínú ìwé àkójọ tí Karl Scheuch ṣe, wọ́n á wo etí rẹ̀ yíká bóyá ó ti hán. Wọ́n á gbé e lé orí ìka, wọ́n á fi èékánná ta á, wọ́n á gbọ́ ohùn rẹ̀. Ìyá tó bá ti ra abọ́ lọ́jà Gbági rí mọ ìdánwò ìkẹyìn yìí. Abọ́ tó bá dún gbọ̀ngbọ̀n ti sán níbì kan, ì báà má tíì hàn sójú.

Ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kìíní kan náà ni abọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ní agbègbè Ìbàdàn. Owó kòkó ló gbé e wá. Lẹ́yìn ìkórè, àwọn àgbẹ̀ a wọ ìlú, wọ́n a ra páànù òrùlé, kẹ̀kẹ́, aṣọ, wọ́n a sì ra abọ́. Ti irin tí wọ́n fi awọ dídán bò ń wá láti Jámánì, Czechoslovakia àti Japan, kí wọ́n tó wá dá iléeṣẹ́ tó ń ṣe é sílẹ̀ ní Ìkẹjà. Kí abọ́ tó gbòde, igbá fínfín Ọ̀yọ́ àti ìkòkò ni ẹrù ìyàwó. Nígbà tí abọ́ wá dé, bí ìyàwó bá ń lọ ilé ọkọ, àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ a to abọ́ sórí ní ìpele ìpele, wọ́n a gba àárín ìlú kọjá kí ojú lè rí i. Ẹni tó bá ka abọ́ mọ iye tí bàbá ìyàwó rí lórí kòkó lọ́dún yẹn. Igbá wọlé sí ẹ̀yìn, ó di ti orò.

Ní ti mẹ́dà, ọ̀rọ̀ tiwa yàtọ̀. Ẹni tó bá da ẹnì kejì níbi ìjàkadì láyé àtijọ́, ìlù ló ń gbà. Àyàn a pe oríkì rẹ̀ dé ilé bàbá rẹ̀, ìyẹn sì tó. Ilé ẹ̀kọ́ ló mú ife àti mẹ́dà wọlé. Ní 1932 ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama bẹ̀rẹ̀ sí í du ife Grier, tí wọ́n fi orúkọ Selwyn Grier, tó ti ṣe olórí ètò ẹ̀kọ́, sọ. Josiah Májẹ̀kódùnmí gba fàdákà fún fífò sókè ní Auckland ní 1950, ó sì di ẹni àkọ́kọ́ tó gbé mẹ́dà ìdíje àwọn ilẹ̀ abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì wá sí Nàìjíríà. Emmanuel Ifeajuna gba góòlù nínú eré kan náà ní Vancouver ní 1954, bàtà ẹsẹ̀ òsì nìkan ló sì wọ̀ fò ó. Ọdún 1964 ni Nojim Màíyégún kan ẹ̀ṣẹ́ gba idẹ ní Tokyo, mẹ́dà Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ Nàìjíríà. Ọdún kan ṣáájú rẹ̀, ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ 1963, Ìbàdàn ti rí ohun tó ju mẹ́dà lọ: Dick Tiger, akànṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà, lu Gene Fullmer, ará Amẹ́ríkà, ní pápá ìṣeré Liberty ní Òkè-Àdó títí Fullmer kò fi lè jáde mọ́ lẹ́yìn abala keje.

Ẹni tó bá ń fi mẹ́dà amọ̀ ṣẹlẹ́yà, kó rántí pé góòlù Òlíńpíìkì kì í ṣe wúrà tán. Láti 1912 ni wúrà gidi ti kásẹ̀ ńlẹ̀. Fàdákà ni wọ́n ń ṣe, wọ́n á sì fi wúrà tí kò kéré sí gíráàmù mẹ́fà pa á lára. Fóònù àlòkù àti irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni Japan yọ́ ṣe mẹ́dà Tokyo 2020. Ní Paris, ní 2024, wọ́n lẹ irin tí wọ́n bù lára ilé gogoro Eiffel mọ́ ọn láàárín. Irin àlòkù, irin ògbólógbòó, amọ̀: ohun tí ìlú bá ní nílẹ̀ ni.

Ohun tó yàtọ̀ ni ìtọ́jú. Ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama wa ní àpótí kan tí ife-ẹ̀yẹ kún. Etí kan ti kán lára òmíràn, ìpata ti bo orúkọ, ọdún ìdíje kò ṣeé kà mọ́. Mẹ́dà alámọ̀ tí ẹgbẹ́ eléré kan ní Saxony pín ní 1922 ṣì ní nọ́ńbà nínú ìwé, ẹnìkan sì mọ bó ṣe fẹ̀ tó. Kì í ṣe pé a kò mọ ìtọ́jú, abọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ń jẹ́rìí. Ohun tí a yàn láti tọ́jú ló yàtọ̀.

Owó ẹyọ náà ṣì wà lọ́jà Olódò. Lẹ́kulẹ́já ló ń tà á, ó wà nínú àwo pẹrẹsẹ kan láàárín ataare, orógbó àti ẹfun, ẹni tó bá fẹ́ a ṣà á ní iye tó fẹ́. Àwọn kéékèèké wà níbẹ̀, àwọn ńlá tó dà bí ti Zanzibar náà wà. Bí ìyá bá dà á sílẹ̀, a dún ṣinrinṣinrin bí abọ́. Lára òmíràn, ẹ̀yìn ṣì jọ̀lọ̀, ó ń dán. Lára òmíràn, wọ́n ti dá ẹ̀yìn lu kí okùn lè gba inú rẹ̀ kọjá, etí ihò náà sì ti jẹ nítorí ọwọ́ tó ti kà á.